Kí ló dé tí bàálù ogun ò lè balẹ̀ sórí ọkọ̀ Aradu?

  Ọ̀rọ̀ bàálù ogun ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu, ọmọ mi ọkùnrin ló dá a sílẹ̀.

Hamburg la lọ lọ́jọ́ náà, èmi àtòun. Ọmọ ọdún 9 ni. A wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò ní Landungsbrücken, èyí tí tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì ìlú ń wọ̀ (ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣọ́ owó ná, ẹ má lọ sanwó ọkọ̀ àwọn tó wá ṣe fàájì). Ní òdìkejì odò Elbe ni ọgbà Blohm+Voss wà, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1877 láti máa kan ọkọ̀ ojú omi. Mo nawọ́ síbẹ̀, mo ní, "Wò ó, ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ti kan NNS Aradu, ọkọ̀ ogun Nàìjíríà." Mo fi àwòrán rẹ̀ hàn án lórí fóònù. Ojú rẹ̀ ò kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ náà, níbi tó tẹ́jú pẹrẹsẹ.

"Dádì, ṣé bàálù ogun ló ń balẹ̀ síbí?"

Mo ní rárá, hẹlikọ́pítà ni.

"Kí ló dé tí bàálù ogun ò lè balẹ̀ síbẹ̀?"

Mo lanu, mo tún pa á dé. Nígbà tí mo délé ni mo lọ wádìí rẹ̀, mo sì rí i pé ìbéèrè ọmọ kékeré yìí ti mú kí àwọn àgbà onímọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà, Jámánì, Gẹ̀ẹ́sì àti Rọ́ṣíà ná owó tí a ò lè kà tán. Ó sì gba ẹ̀mí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ọkọ̀ náà dáadáa. Ní oṣù kìn-ín-ní 1980 ni wọ́n tì í sínú omi ní Hamburg. Republic ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́, kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Aradu, tó túmọ̀ sí àrá lédè Hausa. (Ẹ gbọ́ bó ṣe jọ tiwa.) Ní 1982 ló wọṣẹ́ ní pẹrẹu, ó sì di olórí ọkọ̀ ogun ojú omi Nàìjíríà. Ẹ̀yin ará London lè rántí pé ó wá sí Portsmouth ní 2005, nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth ń wo àwọn ọkọ̀ ogun gbogbo àgbáyé. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 125 mítà.

Ẹ wá fi ìyẹn wé pápákọ̀ òfurufú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé Wedding ní Berlin rí bíi tiwa, ẹ mọ ariwo bàálù. Kó tó di pé wọ́n ti Tegel pa ní oṣù kọkànlá 2020, àfi bíi pé orí òrùlé wa ni wọ́n ń gbà. Ojú ọ̀nà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe sí Tegel ní 1948, nígbà tí ìjọba Soviet dí ọ̀nà oúnjẹ mọ́ ìwọ̀-oòrùn Berlin, gùn ní 2,428 mítà. Tẹ́ ẹ bá to ọkọ̀ bíi Aradu 19 tẹ̀lé ara wọn, ẹ ò tíì gba ojú ọ̀nà yẹn tán. Ibi tí hẹlikọ́pítà sì ń balẹ̀ sí lórí Aradu, ìrù ọkọ̀ náà lásán ni.

Kí ni bàálù ń fi gbogbo gígùn yẹn ṣe? Ó ń wá afẹ́fẹ́ ni. Bó ṣe ń sáré ni afẹ́fẹ́ ń gba ara apá rẹ̀ kọjá, afẹ́fẹ́ yẹn ló sì ń gbé e sókè. Ẹ rántí alábáárù ní ọjà Bódìjà. Bí ẹnì kejì bá bá a gbé àpò ìrẹsì rù, á rìn lọ tirẹ̀. Bó bá ku òun nìkan, tó ní láti gbé àpò náà látorí ilẹ̀ dé orí ara rẹ̀, àpò tó kéré sí ìyẹn ló máa lè gbé. Afẹ́fẹ́ ni ẹnì kejì bàálù. Bàálù tó bá fẹ́ gbéra lóòró láìsáré ò ní olùrànlọ́wọ́ kankan, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nìkan ló máa gbé gbogbo ara rẹ̀, àti epo, àti ọta ìbọn, àti ẹni tó wà á. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí gbogbo ohun tó kù dá lé e lórí.

Ta ló wá ń wá irú bàálù bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bí ẹ ṣe rò lọ. Nígbà ogun Hítílà, kòkó, ẹ̀kùrọ́ àti epo pupa tí àwọn bàbá wa ń tà ń ti Èkó lọ sí Freetown. Níbẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ ẹrù ti ń pàdé, kí wọ́n tó jọ ṣù pọ̀ lọ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Bàálù Jámánì kan wà tí wọ́n ń pè ní Condor, ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ló ní, ó lè fò jìnnà gan-an sórí Àtìláńtíìkì. Òun ló ń wá àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kiri, ó ń ju bọ́ǹbù sí wọn, ó sì ń júwe ibi tí wọ́n wà fún àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi tó ń rì wọ́n. Bàálù tó lè lé e ò sí nítòsí, torí kò sí pápá lójú òkun.

Ẹ wo ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1941. Wọ́n gbé bàálù ogun Hurricane kan ṣoṣo sí iwájú ọkọ̀ ẹrù, wọ́n so rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ohun tó gbé e lé. Bí Condor bá yọjú, wọ́n á yin bàálù náà bí òkò. Ó jáde lọ jà o, àmọ́ kò níbi tó máa padà sí! Bí ilẹ̀ bá jìnnà, awakọ̀ náà á fò jáde pẹ̀lú agboòrùn, tàbí kó tẹ bàálù náà sórí omi, kó máa gbàdúrà pé kí ọkọ̀ kan wá yọ òun kó tó tutù kú. Ọkọ̀ 35 ni wọ́n ṣe báyìí fún. Títí wọ́n fi pa ètò náà tì ní 1943, ìgbà 9 péré ni wọ́n yin bàálù láti lọ jà, awakọ̀ kan ṣoṣo ló sì kú nínú wọn. Orí ló yọ àwọn tó kù. Bàálù Hurricane kan, ìjà kan, ó parí.

Ibẹ̀ ni èrò náà ti wá: tí bàálù bá lè gbéra lóòró, tó sì lè balẹ̀ lóòró, ọkọ̀ ẹrù èyíkéyìí á lè gbé ọ̀kan.

Ká sọ̀rọ̀ gbígbéra ná. Ìyẹn ò le tó bí ẹ ṣe rò, pàápàá níbi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá wà. Kò jìnnà sí ilé wa ní Wedding, ní ẹ̀gbẹ́ Tegel níbẹ̀, ni àwọn ọ̀dọ́ kan, tí Wernher von Braun wà lára wọn, ti ń dán rọ́kẹ́ẹ̀tì wò láti 1930. Nígbà tó fi máa di 1945, tí Jámánì ti ń pàdánù ogun, wọ́n fi pákó ṣe bàálù kan tí wọ́n ń pè ní Natter, rọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń tì í sókè láti ara òpó gíga. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta ọdún yẹn ni ọmọkùnrin kan, Lothar Sieber, ọmọ ọdún 22, wọnú rẹ̀. Ó gbéra lóòró lóòótọ́, òun sì ni ènìyàn àkọ́kọ́ tí rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé lọ sókè láti ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdérí orí rẹ̀ já, bàálù náà dojú bolẹ̀, kò sì tó ìṣẹ́jú kan tó fi já lulẹ̀. Sieber kú. Àwọn tó ṣe Natter ò tilẹ̀ rò ó rárá pé kó balẹ̀: ìlànà wọn ni pé kí awakọ̀ fò jáde bó bá ti jà tán.

Bíbalẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ní 1951, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ méjì, Convair àti Lockheed. Wọ́n ní kí wọ́n ṣe bàálù ogun tó máa gbéra lóòró láti orí ọkọ̀ kékeré, tó máa jà, tó sì máa padà wá jókòó síbi tó ti dìde. Ti Convair ni XFY-1, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Pogo. Tẹ́ ẹ bá rí àwòrán rẹ̀, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Orí ìrù ló dúró lé, lórí táyà kéékèèké mẹ́rin, imú rẹ̀ ń wo ọ̀run. Abẹ̀bẹ̀ ńlá méjì ló wà ní imú náà, ọ̀kan ń yí sọ́tùn-ún, èkejì ń yí sósì, kí bàálù náà fúnra rẹ̀ má bàa máa pòòyì. Ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 7, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ní agbára ẹṣin tó lé ní 5,000. Àkàsọ̀ ni awakọ̀ fi ń gun orí rẹ̀, àga rẹ̀ sì ṣeé tẹ̀ síwájú kó má bàa fẹ̀yìn lélẹ̀ pátápátá bí aláìsàn.

James Coleman ló wà á. Inú ilé ńlá kan ní California, níbi tí wọ́n ń kó àwọn ọkọ̀ òfurufú onígáàsì sí tẹ́lẹ̀, ni wọ́n ti kọ́kọ́ so ó mọ́ okùn, wọ́n ní kó máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 1954, wọ́n tú okùn. Ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ní San Diego, ó gbéra lóòró, ó tẹ bàálù náà dùbúlẹ̀, ó fò bí bàálù yòókù, ó tún gbé imú rẹ̀ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lórí ìrù. Ó balẹ̀ láyọ̀. Kò sẹ́ni tó ṣe irú rẹ̀ rí pẹ̀lú bàálù ogun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gun dánfó l'Ékòó, ẹ mọ bó ṣe ń rí tí dírẹ́bà bá fẹ́ ṣe rìfáàsì. Kọ̀ǹdọ́ kútọ̀ á bọ́ sílẹ̀, á máa gbá ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, "Máa bọ̀! Máa bọ̀! Já sósì! Ó tó!" Coleman ò ní kọ̀ǹdọ́ kútọ̀. Ó ń fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀, ó ń yíjú wo ilẹ̀ láti orí èjìká ara rẹ̀, ojú ò sì lè sọ fún un bóyá ó ń sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ tàbí ó ń já bọ́. Bó bá já bọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ìrù á fọ́. Bó bá fi agbára kún un jù, á tún gbéra padà. Orí ilẹ̀ tó le, lábẹ́ oòrùn California, ni gbogbo èyí o. Ẹ wá fojú inú wo ọkọ̀ ẹrù lórí Àtìláńtíìkì, ìgbì ń gbé e sókè sódò, ilẹ̀ ti ṣú, epo ti fẹ́ẹ̀ tán.

Ti Lockheed, XFV-1, ò tilẹ̀ gbéra lóòró rí. Táyà ni wọ́n fi ń gbé e sáré bí ti gbogbo ayé, orí òfurufú nìkan ló ti máa ń nàró, wọ́n sì pa á tì ní 1955. Pogo náà dúró lẹ́yìn rẹ̀. Akin bíi Coleman ò pọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi ń wá ohun tí ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ á lè wà. Lẹ́yìn ìyẹn, jẹ́ẹ̀tì ti dé, bàálù abẹ̀bẹ̀ ò lè bá a sáré mọ́.

Jámánì náà tún gbìyànjú, àmọ́ pẹ̀lú ìdùbúlẹ̀. Ìwọ̀-oòrùn Jámánì ń bẹ̀rù pé tí ogun bá dé, ọjọ́ kìn-ín-ní ni wọ́n máa fọ́ gbogbo pápákọ̀ àwọn, nítorí náà wọ́n ń wá bàálù tó lè gbéra láti inú igbó. VJ 101C ló kọ́kọ́ dé, ní 1963: ẹ́ńjìnnì mẹ́fà! Méjì lẹ́yìn awakọ̀, méjì méjì ní ṣóńṣó apá kọ̀ọ̀kan, àwọn ti ṣóńṣó apá yìí ló sì ń yí. Ó sáré ju ohùn lọ ní 1964, kí ọ̀kan tó já ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Awakọ̀ rẹ̀ ríbi fò jáde, ó dúpẹ́. Èyí tó kan ọ̀rọ̀ tiwa jù ni VAK 191B tí wọ́n ṣe ní Bremen, tí kò jìnnà sí Hamburg. Ó kọ́kọ́ gbéra ní oṣù kẹsàn-án 1971. Ẹ́ńjìnnì ńlá kan ló wà láàárín, ihò rẹ̀ sì ṣeé yí. Kékeré méjì tún wà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, fún gbígbéra àti bíbalẹ̀ nìkan. Tó bá ti wà lókè tán, àwọn méjèèjì yẹn di ẹrù. Àfi bí ẹni tó ń gbé jẹnẹrétọ̀ rìn kiri ìlú nígbà tí iná ò lọ. Jámánì pa ètò náà tì, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà wá bá wọn dán an wò títí di 1975, torí wọ́n ṣì ń wá bàálù fún ọkọ̀ kéékèèké.

Amẹ́ríkà wá gbé tiwọn kalẹ̀, XFV-12A. Nígbà tí wọ́n so ó mọ́ okùn ní 1978 láti wò ó, kò lè gbé ìwúwo ara rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Alábáárù tí àpò borí. Wọ́n pa á tì ní 1981.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló rí i ṣe, ọgbọ́n wọn sì rọrùn débi pé ó ń bí èèyàn nínú. Wọn ò yí bàálù, wọn ò yí apá, wọn ò sì gbé ẹ́ńjìnnì àlejò kankan rìn. Ihò mẹ́rin tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbà jáde nìkan ni wọ́n yí. Bí ihò bá kọjú sílẹ̀, bàálù á gbéra. Bó bá kọjú sẹ́yìn, bàálù á sáré. Ọ̀pá ìdarí kan ṣoṣo ló ń yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀, awakọ̀ sì jókòó bí ènìyàn gidi, ó ń wo iwájú. Ní oṣù kẹwàá 1960 ni P.1127 kọ́kọ́ gbéra lórí okùn, Bill Bedford ló wà á. Ní oṣù kejì 1963, ó balẹ̀ sórí ọkọ̀ Ark Royal. Èyí tó ṣẹ̀ lára rẹ̀ ni Harrier. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó wọn wá sí Jámánì níbí ní 1970.

Ní 1982, ogun Falklands dé, Sea Harrier 28 ló sì jà níbẹ̀. Wọ́n já bàálù Argentina bíi 20, kò sì sí bàálù Argentina kankan tó já ẹyọ kan nínú wọn. Mẹ́fà ṣòfò: ìbọn láti ilẹ̀ mú méjì, ìjàǹbá pa mẹ́rin. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé lákòókò yẹn gan-an, nínú ọgbà Blohm+Voss tí mo fi han ọmọ mi yìí, wọ́n ń kan ọkọ̀ mẹ́rin tó jẹ́ àbúrò Aradu lọ́wọ́ fún Argentina. Hamburg ń ta ọjà tirẹ̀ lọ.

Ẹ ó ní, ṣebí ó ti lè balẹ̀ lóòró, kí ló wá kù? Ó kù díẹ̀. Orí ọkọ̀ ńlá ni Sea Harrier ń gbé, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gbéra lóòró tó bá ń lọ sógun, torí ọ̀rọ̀ alábáárù yẹn: bó bá gbéra lóòró, bọ́ǹbù àti epo rẹ̀ á dínkù. Ṣe ni wọ́n tẹ́ òkè kékeré kan sí iwájú ọkọ̀, bàálù á sáré díẹ̀, á fi òkè náà fò sókè. Tó bá ń padà bọ̀, tó ti jo epo tán, ló wá ń balẹ̀ lóòró.

Àmọ́ o ti balẹ̀ sórí ọkọ̀ ẹrù rí! Ní oṣù kẹfà 1983, ọ̀dọ́ awakọ̀ kan, Ian Watson, ṣìnà lórí òkun nítòsí Portugal. Rédíò rẹ̀ ò ṣiṣẹ́, epo rẹ̀ ti ń tán, kò rí ọkọ̀ rẹ̀ mọ́. Ló bá rí ọkọ̀ ẹrù Spain kan, Alraigo, tó ń lọ sí Tenerife. Ó balẹ̀ sórí àwọn kọ̀ntẹ́nà rẹ̀. Bàálù náà yọ̀ sẹ́yìn, ìdí rẹ̀ jókòó lé orí mọ́tò kan tí wọ́n ń gbé lọ fún oníṣòwò òdòdó. Ọ̀gá ọkọ̀ náà ò yà o, ó ń bá ìrìn-àjò rẹ̀ lọ sí Tenerife, pẹ̀lú bàálù ogun Gẹ̀ẹ́sì lórí ẹrù rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì sanwó gọbọi kí wọ́n tó gba bàálù wọn padà.

Torí náà, ìdáhùn tí mo fún ọmọ mi nìyí. Ó lè balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó sá wọ ilé onílé nígbà òjò. Kó máa gbé ibẹ̀ ni kò ṣeé ṣe. Ooru tó ń ti ihò rẹ̀ jáde lè ba irin orí ọkọ̀ jẹ́. Ó ń fẹ́ epo púpọ̀, ó ń fẹ́ ilé, ó ń fẹ́ ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì. Ooru ilẹ̀ wa náà tún wà níbẹ̀: afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì kì í sì í lágbára nínú rẹ̀ bíi ti ibi tútù. Yak-38 ti ìjọba Soviet jẹ irú ìyà yìí. Nígbà tí ọkọ̀ wọn, Minsk, gba etíkun Áfíríkà kọjá ní 1979, agbára káká ni àwọn bàálù rẹ̀ fi ń gbé ara wọn nílẹ̀ nínú ooru yẹn, ká má tíì sọ bọ́ǹbù. F-35B tí Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì, Ítálì àti Japan ń lò báyìí lágbára jù ú lọ fíìfíì, àmọ́ ẹyọ kan ń lọ sí bíi 100 mílíọ̀nù dọ́là.

Hẹlikọ́pítà Lynx mẹ́ta ni Nàìjíríà rà fún ọkọ̀ ogun wọn nígbà yẹn, èmi ò sì rí àṣìṣe kankan nínú ìyẹn. Ẹni tó ń lé olè epo àti ajalèlókun lẹ́nu odò Niger, kí ni yóò fi bàálù tó ń sáré ju ohùn ṣe? Ohun tó lè dúró lójú kan, kó tàn iná sórí ọkọ̀ olè, kó sì fa ẹni tó ń rì sókè ló ń wá.

Ẹ̀yin ará Berlin tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ fojú ara wọn rí i, Harrier kan wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ológun ní Gatow. Ẹ dé Rathaus Spandau, kẹ́ ẹ wá wọ bọ́ọ̀sì. Ẹ yẹ ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí wò kẹ́ ẹ tó jáde nílé, torí wọ́n máa ń tì í nígbà òtútù. Ẹ̀yin ará Munich, VJ 101C àti VAK 191B wà lọ́wọ́ Deutsches Museum lágbègbè yín. Ní ti Harrier, ẹ má wulẹ̀ dúró sí iwájú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ ó rí ihò méjì lápá kan, méjì lápá kejì. Kẹ́ ẹ sì di ọwọ́ àwọn ọmọ mú o, wọn kì í fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án.